Wọ́n Gbọ́ Ẹ̀rí Tán, Wọ́n sì Lọ Dìbò

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn olùṣètò ẹgbẹ́ wa bá àwọn ará àdúgbò sọ níbi ìpàdé wọ́ọ̀dù

  

Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí n wá sọ lónìí, ọ̀rọ̀ adájọ́ ni. Mo mọ̀ pé tí a bá ti dárúkọ adájọ́, ọ̀pọ̀ nínú wa á ní, "Kí ló kàn mí ńbẹ̀? Èmi ò jalè, èmi ò sì bá ẹnikẹ́ni ṣẹjọ́." Ẹ mú sùúrù. Adájọ́ ló ń sọ ẹni tó ni ilẹ̀. Adájọ́ ló ń sọ ẹni tó wọlé, lẹ́yìn tí àwa ti tò sórí ìlà nínú oòrùn, tí a ti dìbò tán, tí a ti lọ sùn. Ta ló wá ń yan adájọ́? Ta ló ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ kó tó gorí àga? Ìyẹn ni mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni mo máa ti mú àpẹẹrẹ wá, nítorí pé ọ̀dọ̀ wọn ni àwa náà ti wo àwòkọ́ṣe ní 1979, tí a fi wá ní Ààrẹ, tí a ní Sẹ́nétọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń ṣe é lọ́hùn-ún nìyí. Adájọ́ mẹ́sàn-án péré ló wà ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ. Ẹni tó bá débẹ̀ ti débẹ̀ nìyẹn. Kò sí pé ọdún mẹ́rin pé, kó máa lọ ilé. Ó lè wà níbẹ̀ títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Ààrẹ ló ń mú orúkọ wá, àwọn Sẹ́nétọ̀ tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún ló sì ń sọ pé àwọn gbà tàbí àwọn ò gbà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó dìbò, kọmítì kan nínú wọn á pe ẹni náà síwájú, wọ́n á ní kó búra, wọ́n á da ìbéèrè bò ó, gbogbo ìlú á sì máa wò wọ́n lórí tẹlifíṣàn. Wọ́n tún lè pe ẹlòmíràn wá jẹ́rìí nípa rẹ̀.

Lọ́dún 1991, Thurgood Marshall, ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tó jókòó ní ilé ẹjọ́ yẹn, ní ara òun ò gbé e mọ́, òun fẹ́ lọ sinmi. Ààrẹ ìgbà náà, George Bush tó jẹ́ bàbá, mú ènìyàn dúdú mìíràn pé kó rọ́pò rẹ̀. Clarence Thomas ni orúkọ rẹ̀, ẹni ọdún 43. Ìletò kan tí ń jẹ́ Pin Point ní ìpínlẹ̀ Georgia ni wọ́n ti bí i, nínú ìṣẹ́, bàbá ìyá rẹ̀ ló sì tọ́ ọ dàgbà. Ẹ ó rò pé gbogbo ènìyàn dúdú Amẹ́ríkà á máa jó. Rárá o. Ẹgbẹ́ NAACP, tó ti ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn láti 1909, ní àwọn ò fẹ́ ẹ. Wọ́n ní lóòótọ́ àwọ̀ kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ nípa òfin tí àwọn fi jà dé ibi tí àwọn dé yìí kò tẹ́ àwọn lọ́rùn. Ìyẹn wù mí lọ́wọ́ wọn. Àwa níhìn-ín, tí wọ́n bá ti ní ọmọ ìlú wa ni, a ti gbé ìlù nìyẹn, a ò ní bi í pé kí ló fẹ́ wá ṣe.

Kọmítì wo ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí, méje ní àwọn fẹ́, méje ní àwọn ò fẹ́. Wọ́n gbé e síwájú gbogbo ilé, wọ́n sì dá ọjọ́ ìbò sí ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹwàá. Ọjọ́ méjì péré ló kù tí ìròyìn fi bẹ́ sórí rédíò. Obìnrin kan wà tí ń jẹ́ Anita Hill, ẹni ọdún 35, dúdú bíi ti Thomas. Ìdílé àgbẹ̀ ló ti jáde ní Oklahoma, òun ni àbíkẹ́yìn nínú ọmọ mẹ́tàlá, ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ yunifásítì ní òfin. Obìnrin yìí ti sọ fún kọmítì ní bòókẹ́lẹ́ pé nígbà tí òun ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ Thomas, nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, ọkùnrin náà ń yọ òun lẹ́nu pé kí òun bá a jáde. Òun ní òun ò fẹ́, ó sì ń sọ ọ̀rọ̀ rírùn sí òun létí. Ilé iṣẹ́ ìjọba tí Thomas jẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà yẹn, ẹ fetí sílẹ̀ o, ibẹ̀ gan-an ni òṣìṣẹ́ tí wọ́n bá fi irú nǹkan bẹ́ẹ̀ jẹ níyà máa ń gbé ẹjọ́ lọ. Kọmítì gbọ́, wọ́n gbé e tì sí kọ̀rọ̀. Wọ́n fẹ́ dìbò wọn kí wọ́n máa lọ.

Ìbínú wá dé. Tẹlifóònù àwọn aṣòfin ò yé dún. Lọ́jọ́ kẹjọ yẹn, obìnrin méje nínú ilé ìgbìmọ̀ aṣojú jáde, wọ́n fi ẹsẹ̀ rìn lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn Sẹ́nétọ̀, wọ́n gun àtẹ̀gùn, àwọn oníwèé ìròyìn ń ya fọ́tò wọn. Wọ́n kan ilẹ̀kùn yàrá tí àwọn Sẹ́nétọ̀ ẹgbẹ́ tiwọn fúnra wọn ti ń ṣèpàdé. Wọ́n ní wọn ò lè wọlé. Aṣòfin tí ará ìlú dìbò fún, wọ́n ní kó dúró síta bí àlejò! Nínú Sẹ́nétọ̀ ọgọ́rùn-ún nígbà náà, obìnrin méjì péré ló wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n ariwo yẹn ṣiṣẹ́. Wọ́n sún ìbò síwájú ní ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n ní kí Hill wá.

Ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kọkànlá oṣù kẹwàá, ó dé. Ọkùnrin mẹ́rìnlá, òyìnbó funfun ni gbogbo wọn, jókòó lórí tábìlì gígùn, Joe Biden ni alága. Obìnrin kan ṣoṣo jókòó síwájú wọn. Bàbá àti ìyá rẹ̀, àwọn àgbẹ̀ yẹn, wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ fojú inú wò ó, ẹ̀yin ìyá: kí ọmọ yín máa tún ọ̀rọ̀ tí ẹnu ò gbọdọ̀ sọ sọ, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, níwájú àwọn ọkùnrin wọ̀nyẹn, kí ẹ̀yin máa gbọ́, kí gbogbo Amẹ́ríkà máa gbọ́. Bíi wákàtí méje ló fi jókòó. Ọ̀kan nínú wọn, Arlen Specter, bi í léèrè bí ẹni ń bi ọ̀daràn.

Thomas náà sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó ní irọ́ ni, látòkè délẹ̀, kò sí èyí tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ó ní ohun tí wọ́n ń ṣe fún òun yìí, bí àwọn òyìnbó ṣe máa ń so ènìyàn dúdú kọ́ sórí igi láyé àtijọ́ ni, ayé ọ̀làjú ló kàn dé sí i. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ àwọn ènìyàn lára. Àwọn Sẹ́nétọ̀ funfun wọ̀nyẹn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ilẹ̀.

Ibi tí mo ń bọ̀ gan-an nìyí: kí ni àwọn ènìyàn sọ? Nítorí pé ní gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn lẹ́nu ọlọ́mọge, kò sí lẹ́nu arúgbó. Ọkọ àti aya ń bá ara wọn jà lé e lórí.

Ìbéèrè tó kọ́kọ́ jáde ni pé: "Níbo ló wà fún ọdún mẹ́wàá tí kò fọhùn?" Èkejì: "Tí ọkùnrin náà bá burú tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi tẹ̀ lé e láti ilé iṣẹ́ kan lọ sí òmíràn? Kí ló dé tó tún fi ń pè é lórí fóònù?" Kì í ṣe ọkùnrin nìkan ló ń sọ bẹ́ẹ̀ o. Obìnrin sọ ọ́ púpọ̀. Àwọn obìnrin kan tí wọ́n ti bá Thomas ṣiṣẹ́ wá jẹ́rìí pé ènìyàn rere ni, pé àwọn ò rí irú rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Hill fèsì pé ẹ̀rù ló bà òun, òun ò fẹ́ kí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ òun. Ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ẹlòmíràn, ẹ bi í nílé lálẹ́ òní bóyá èsì yẹn yé e. Èmi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀.

Ẹnì mẹ́rin jókòó, wọ́n búra, wọ́n ní Hill ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún àwọn ní ọ̀pọ̀ ọdún ṣáájú, kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé Thomas á di ohunkóhun. Obìnrin mìíràn sì wà, tó ti bá Thomas ṣiṣẹ́ rí, tó ní ẹjọ́ tirẹ̀. Ó ti dé Washington, ó ń retí kí wọ́n pe òun. Wọn ò pè é sórí àga ẹlẹ́rìí. Wọ́n kàn fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ sínú ìwé. Àwọn baba wa ní agbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, òṣìkà ènìyàn. Lọ́hùn-ún, wọ́n gbọ́ ẹnì méjì, wọ́n fi ẹnì kẹta sílẹ̀ níta. Kí ni a ó pe ìyẹn?

Láàárín àwọn ènìyàn dúdú, ọ̀rọ̀ náà tún le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ọ̀pọ̀ wọn ní, "Ọmọ wa kan ló fẹ́ gòkè yìí, ọmọ wa mìíràn ló tún ń fà á lẹ́sẹ̀, níwájú òyìnbó!" Wọ́n ní tó bá tilẹ̀ jẹ́ òótọ́, inú ilé ló yẹ kí wọ́n ti parí ẹ̀. Ẹ ò rí i pé a mọ ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa? Òun náà ni à ń lò níhìn-ín: ẹ má tú àṣírí ìdílé. Ẹni tí wọ́n bá sì ní kó má tú àṣírí, lọ́pọ̀ ìgbà, obìnrin ni.

Nígbà tí àwọn tó ń ṣèwádìí èrò ará ìlú jáde lọ béèrè, àwọn tó gba Thomas gbọ́ tó ìlọ́po méjì àwọn tó gba Hill gbọ́. Títí kan àwọn obìnrin. Àwọn Sẹ́nétọ̀ ka iye yẹn. Òtítọ́ ibẹ̀ nìyẹn, ẹ̀yin ará, mi ò ní fi ṣúgà sí i: olóṣèlú kì í fi etí kan gbọ́ ẹ̀rí kó má fi ekejì gbọ́ ìlú. Àwọn Sẹ́nétọ̀ kan láti ìhà gúúsù, tó jẹ́ pé ìbò àwọn ènìyàn dúdú ló gbé wọn débẹ̀, wò ó pé àwọn olùdìbò wọn ń fẹ́ Thomas, ni wọ́n bá tẹ̀ lé wọn. Lọ́jọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù kẹwàá, wọ́n dìbò. Àádọ́ta ó lé méjì ní àwọn gbà, méjìdínláàádọ́ta ní àwọn ò gbà. Mọ́kànlá nínú àwọn ẹgbẹ́ alátakò Ààrẹ ló bá a dìbò. Thomas gorí àga, ó sì ti lò ju ọgbọ̀n ọdún lọ níbẹ̀ láti ìgbà náà.

Ẹ ní ó parí? Kò tíì bẹ̀rẹ̀ ni.

Nínú oṣù kọkànlá ọdún kan náà, obìnrin dúdú tó lé ní 1,600 dá owó jọ láàárín ara wọn, wọ́n ra ojú ìwé nínú ìwé ìròyìn New York Times, wọ́n kọ orúkọ wọn síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, pé àwọn ò fara mọ́ bí wọ́n ṣe ṣe ọmọ àwọn. Ní oṣù yẹn bákan náà, Ààrẹ Bush fọwọ́ sí òfin tó jẹ́ kí òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá fi irú nǹkan yìí dà láàmú lè gba owó ìtanràn. Ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wọ ọ́fíìsì tí Thomas ti ṣe ọ̀gá rẹ̀ rí, ó ń pọ̀ sí i lọ́dọọdún. Àwọn obìnrin tí wọ́n ti ń gbé e mọ́ra ló rí ẹnu sọ̀rọ̀.

Nígbà tó wá di 1992, ìbò dé. Sẹ́nétọ̀ kan wà ní ìpínlẹ̀ Illinois, Alan Dixon, ọ̀kan nínú àwọn mọ́kànlá yẹn. Láti ìgbà tó ti ń ṣe òṣèlú, kò tíì fìdí rẹmi rí. Obìnrin dúdú kan, Carol Moseley Braun, akọ̀wé tó ń tọ́jú ìwé ilé àti ilẹ̀ ní àgbègbè Chicago, ní òun á bá a du àga náà nínú ìbò abẹ́lé ẹgbẹ́. Wọ́n fi rẹ́rìn-ín. Owó ò sí lọ́wọ́ rẹ̀ bíi ti wọn. Ní oṣù kẹta ó na Dixon, ó na ọlọ́rọ̀ kẹta tó wà láàárín wọn. Ní oṣù kọkànlá ó wọlé, obìnrin dúdú àkọ́kọ́ tó di Sẹ́nétọ̀ nínú ìtàn Amẹ́ríkà. Ní ìpínlẹ̀ Washington, Patty Murray wò wọ́n lórí tẹlifíṣàn bí wọ́n ṣe ń bi Hill léèrè, ó bi ara rẹ̀ pé ta ló ń sọ̀rọ̀ fún irú òun níbẹ̀ yẹn? Olóṣèlú kan ti bú u nígbà kan rí pé ìyá ọlọ́mọ tó wọ bàtà kánfáàsì lásán ni. Ó gba èébú yẹn, ó fi ṣe ìpolongo ìbò, ó wọlé. California mú obìnrin méjì lẹ́ẹ̀kan náà, Dianne Feinstein àti Barbara Boxer. Boxer yìí wà lára àwọn méje tó gun àtẹ̀gùn lọ́jọ́sí. Obìnrin méjì tó wà láàárín ọgọ́rùn-ún di mẹ́fà. Ní ilé ìgbìmọ̀ aṣojú, obìnrin tuntun 24 ló wọlé. Specter, tó bi Hill léèrè bí ọ̀daràn, obìnrin kan tí kò du ipò kankan rí ló gbé e níjàkadì ní Pennsylvania. Ó yọ, ṣùgbọ́n díẹ̀ báyìí ló kù kí ẹ̀yìn rẹ̀ kan ilẹ̀.

Kí ọdún tó yípo, àwọn tó ní àwọn gba Hill gbọ́ ti pọ̀ sí i gidigidi. Ẹ̀rí ò yí padà o, ọ̀rọ̀ tó sọ náà ni. Àwọn ènìyàn ló ti jókòó rò ó. Ní 1993, Feinstein àti Moseley Braun bọ́ sínú kọmítì yẹn gan-an, àwọn obìnrin àkọ́kọ́ tó jókòó síbẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé ibi kan ṣoṣo ni irú ìbínú báyìí máa ń tẹ̀ sí. Ní 2018, wọ́n tún ṣe é. Ààrẹ Trump mú Brett Kavanaugh wá. Obìnrin kan, Christine Blasey Ford, tíṣà yunifásítì ní California, wá jẹ́rìí lọ́jọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹsàn-án pé nígbà tí àwọn wà lọ́mọ sẹ́kọ́ńdírì ní 1982, ọkùnrin yìí dì í mọ́lẹ̀ lórí ibùsùn, ó fẹ́ fi ipá bá òun lò. Kavanaugh fi ìbínú àti omijé sọ pé irọ́ ni, òun ò ṣe é. Nǹkan bí ogún mílíọ̀nù ènìyàn ló wò wọ́n lórí tẹlifíṣàn. Bí wọ́n ṣe sinmi díẹ̀, ìyá kan ẹni ọdún 76 láti Missouri pe ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn, ó ń sunkún, ó ní irú rẹ̀ ṣe òun nígbà tí òun wà ní kékeré, òun rò pé òun ti gbàgbé. Ẹni ọdún mẹ́rìndínlọ́gọ́rin! Lọ́jọ́ kejì, obìnrin méjì dí Sẹ́nétọ̀ Jeff Flake lọ́nà nínú ẹ̀rọ tó ń gbé ènìyàn lọ sókè, wọ́n ní kó wo àwọn lójú. Ọkùnrin náà padà wọlé, ó ní àfi kí ọlọ́pàá àpapọ̀ fi ọ̀sẹ̀ kan wádìí. Wọ́n wádìí. Wọ́n dìbò, 50 sí 48, Kavanaugh wọlé.

Ìbò gbogbogbòò dé ní oṣù kejì ìyẹn. Ju ọgọ́rùn-ún obìnrin lọ ló wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣojú, irú rẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ rí, ẹgbẹ́ alátakò sì gba ilé náà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ Ààrẹ. Ṣùgbọ́n Sẹ́nétọ̀ mẹ́ta ẹgbẹ́ alátakò tí wọ́n kọ Kavanaugh, ní Missouri, Indiana àti North Dakota, pàdánù àga wọn. Ní ìpínlẹ̀ tiwọn, àwọn tó ń bínú pé wọ́n ba orúkọ ọmọlúàbí jẹ́ ló pọ̀ jù níbi àpótí ìbò. Mo sọ èyí kí ẹ má baà sọ pé mo fi apá kan pamọ́. Ìbínú ti lápá ọ̀tún, ó ti lápá òsì. Ti ẹni tó jáde ni wọ́n kà.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ̀ wálé. Ìwé òfin 1999 tiwa, ohun kan náà ló sọ. Adájọ́ àgbà Nàìjíríà àti àwọn tó bá a jókòó ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ, NJC á dábàá orúkọ wọn, Ààrẹ á yàn wọ́n, ṣùgbọ́n àfi kí àwọn Sẹ́nétọ̀ fọwọ́ sí i. Adájọ́ àgbà ìpínlẹ̀ wa, gómìnà ló ń yàn án nípa ìmọ̀ràn NJC, àfi kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ fọwọ́ sí i. Ẹ gbọ́ o: ọmọ àdúgbò yìí tí a dìbò fún, tó ń lọ jókòó sí ilé ìgbìmọ̀ yẹn, ọwọ́ rẹ̀ wà níbẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ Àbújá nìkan.

Mélòó nínú wa ló ti gbọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo tí wọ́n bi adájọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n mú orúkọ rẹ̀ wá? Mélòó ló mọ ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀? Ohun tí a mọ̀ mọ́ àwọn aṣòfin wa, pàápàá tó bá jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ jókòó rí ló wá gba ipò, ni pé wọ́n á ní kó tẹríba, kó máa lọ. Ẹnu ṣíṣí ò sí, ìwé ṣíṣí ò sí. Ẹni tó ní ohun tó mọ̀ nípa rẹ̀ á jókòó sílé rẹ̀, á máa wo ẹ̀rín lórí tẹlifíṣàn. Tí a bá kó ẹjọ́ ilẹ̀ wa débẹ̀ lọ́la, tàbí ẹjọ́ ìbò wa, a ó wá máa pariwo pé adájọ́ yìí ò dáa. Ta ló bi í léèrè?

Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ìpàdé yìí tú lórí ìrẹsì nìkan. Ẹni tí káàdì ìdìbò rẹ̀ bá sọnù, kó wá rí akọ̀wé wọ́ọ̀dù kó tó lọ. Ẹni tó bá sì wá gba ìbò yín sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, tiwa o, tiwọn o, ẹ jẹ́ kó jókòó, ẹ fún un lómi mu, kí ẹ bi í: lọ́jọ́ tí gómìnà bá mú orúkọ adájọ́ wá, tí obìnrin kan bá dúró lẹ́nu ọ̀nà pé òun ní ẹ̀rí, ṣé wàá ní kí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún un?